Ìwọ̀n Kòkó

Ìwọ̀n kòkó Bàbá ṣì so kọ́ àjà ilé ìkẹ́rù wa ní Ìfọ̀fìn.
Ìkọ́ rẹ̀ ti dípẹtà, ṣùgbọ́n kì í purọ́ mọ́
(nígbà ayé kòkó, ó máa ń purọ́ díẹ̀, kí Ọlọ́run foríjì wá).
Lálẹ́ àná mo fi àpò ẹ̀yìn mi kọ́ ọ:
kílò mẹ́rìndínlógún.
Abíọ́nà pariwo láti orí àga:
“Ìrìn lo fẹ́ rìn ni, àbí ilé lò ń kó?”

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni.
Láti Ìlésà, ká gba ọ̀nà oko lẹ́yìn Ìwàràjà,
títí dé ìdí omi Erin,
ká gun àtẹ̀gùn rẹ̀ méjèèje, ká sọ̀ sí Ẹ̀fọ̀n, ká wọkọ̀ padà.
Ọdún mẹ́sàn-án la ti jọ ń rìn ín, bí ọyẹ́ bá ti dé.
Lọ́dún yìí, orúnkún Abíọ́nà ní òun ò lọ.

Mo tú gbogbo rẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì.
Kẹ́tùlù, jáde. Agolo mílíìkì á se omi.
Bàtà kejì, jáde.
Àga kékeré tó ń ká bí itan tata,
mo lọ́ra lórí ìyẹn.
Mo ti pé ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta,
ilẹ̀ ti ń jìnnà sí ìdí mi.
Ṣùgbọ́n òṣómàáló ni Bàbá kó tó ra ìwọ̀n,
orí ló fi ru aṣọ la ìlú kọjá,
ó sì máa ń wí pé ẹni tó máa lóṣòó gbowó
kì í gbé àpótí ìjókòó dání.
Àga, jókòó sílé.

Bíbélì onílẹ́tà gàdàgbà:
Abíọ́nà ní kí n fa Sáàmù nìkan ya.
Mo wò ó.
Ó ní eré lòun ń ṣe.
Mo da Sáàmù mọ́kànlélọ́gọ́fà kọ sẹ́yìn rìsíìtì epo.

Mo dá pákò sí méjì, mo mú apá tó rọ̀.
Ẹní ńkọ́? Àwa tí wọ́n ń fi ẹní kì!
Mo fi ọ̀bẹ gé e lágbedeméjì:
èjìká dé ìdí ló ni ẹní,
kí ẹsẹ̀ lọ sùn sórí àpò.

“Iyán ńkọ́?” Ó ń fi èpà jẹ gúgúrú.
“Gàrí ni.”
“Ìjẹ̀ṣà ibo nìyẹn?”

Ìgbà náà ni ọwọ́ mi kan ife méjì,
ife irin, ọ̀kan sùn sínú èkejì,
ṣíbí méjì, àwo méjì.
N ò mọ ìgbà tí mo dì wọ́n.
Ọwọ́ ló dì wọ́n,
ọwọ́ ò sí níbẹ̀ nígbà tí dókítà sọ̀rọ̀ ní Wẹ́sílì.

Abíọ́nà náà rí i.
Ó bó èpà kan, ó fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù,
kò jẹ ẹ́.
Ife kan ò ju gíráàmù ọgọ́rin lọ.
Ó pẹ́ kí n tó gbé e kalẹ̀,
òun ló nawọ́ gbà á,
ó bu omi àmù sí i, ó mu ún tán, ó gbé ife sórí itan.

Mo tún àpò kọ́.
Abẹ́rẹ́ ìwọ̀n lọ, ó bọ̀, ó gbọ̀n, ó dúró lórí mẹ́sàn-án.
Kílò mẹ́sàn-án!
Mo jó díẹ̀ láàárín àwọn ohun tí mo ti kọ̀.

“Tóò,” Abíọ́nà nu ẹnu,
“bó o bá dé àtẹ̀gùn keje,
níbi àpáta tí a ti máa ń bọ́ bàtà,
bá mi bu omi ibẹ̀ bọ̀.
Lítà kan ti tó.”

Omi.
Lítà kan, kílò kan.
Mo ní ó dáa.

Nígbà tó tiro délé tán,
mo tún tú àpò sílẹ̀ lábẹ́ iná,
mo ń wá kílò kan tí n ó yọ.